Ìtàn Meijer, Ilé Ìtajà Ẹ̀dínwó Ìdílé Kan ní Michigan: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni Meijer, ta ló sì ni ín?

Meijer jẹ́ ọ̀wọ́ àwọn ilé ìtajà ńláńlá ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ènìyàn ti lè ra ẹran, ewébẹ̀, aṣọ, bàtà, àwo, ohun ìṣeré ọmọdé àti oògùn lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, ní iye tó rọjú. Olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Walker, ìlú kékeré kan tó fara ti Grand Rapids ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ìdílé Meijer ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1934, ìdílé náà ló sì ni ín títí di òní. Kò sí ẹni tó lè lọ sí ọjà ìpín ìdókòwò ní New York kí ó lọ ra ìpín rẹ̀. Ohun tó mú kí ìtàn yìí wù mí í sọ nìyẹn. Òwò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá, tó kọjá sọ́wọ́ ọmọ, tó sì ti dé ọwọ́ ọmọ-ọmọ láìfọ́ sí wẹ́wẹ́, kò pọ̀ níbikíbi láyé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà?

Orúkọ àwọn ará Nẹ́dálándì ni. Lẹ́tà j tó wà láàárín rẹ̀ kì í dún bí j tiwa. Bí ẹni ń sọ “Máyà” ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará Michigan tún sábà máa ń fi ohùn s kan sí ìdí orúkọ náà, bí ẹni pé “ọ̀dọ̀ Meijer” ni wọ́n ń sọ, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé a fẹ́ yà lọ́dọ̀ Ìyá Wálé nígbà tó jẹ́ pé ìsọ̀ rẹ̀ là ń lọ.

Ta ni Hendrik Meijer, báwo sì ni onígbàjámọ̀ ṣe di ẹni tó ń ta oúnjẹ?

Wọ́n bí Hendrik Meijer ní ọdún 1883 ní Hengelo, ìlú kan tí iṣẹ́ aṣọ híhun gbilẹ̀ sí ní ìlà-oòrùn Nẹ́dálándì. Ó ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ aṣọ nígbà èwe rẹ̀, ó sì mọ ohun tó ń jẹ́ kí ènìyàn fi gbogbo ọjọ́ dúró nídìí ẹ̀rọ fún owó tí kò tó nǹkan. Ní ọdún 1907 ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì forí lé Michigan, níbi tí àwọn ará ilẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ ṣáájú rẹ̀ débi pé wọ́n ti sọ ìlú kan níbẹ̀ ní Holland. Ó ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ kó tó di onígbàjámọ̀, ó sì wá fi Greenville ṣe ilé, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Grand Rapids. Ibẹ̀ ni òun àti Gezina, ìyàwó rẹ̀ tí òun náà ti Nẹ́dálándì wá, ti tọ́ ọmọ méjì, Johanna àti Fred.

Kì í ṣe oúnjẹ títà ni Hendrik ń lépa. Ó kọ́ ilé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó ti ń gẹrun, èrò rẹ̀ sì ni pé ayálégbé yóò wọ ibẹ̀, òun yóò sì máa gba owó ilé. Ṣùgbọ́n ọ̀dá owó ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1929 ti gba gbogbo Amẹ́ríkà kan. Àwọn bánkì ń kógbá sílé, àìmọye òṣìṣẹ́ ni kò rí iṣẹ́ ṣe, kò sì sí ẹni tó ní ọkàn láti yá ilé kí ó fi ṣòwò. Ilé wà, ayálégbé kò sí. Nígbà tó di ọdún 1934, Hendrik, tó ti pé ẹni 50 ọdún, pinnu pé bí ẹnikẹ́ni kò bá ní yá a, òun fúnra òun yóò pàtẹ ọjà sínú rẹ̀. Ó lọ kó ọjà láwìn, iye ọjà ọ̀hún sì jẹ́ dọ́là 338 àti sẹ́ǹtì 76.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí iye yìí. Ó ṣe kedere títí dórí sẹ́ǹtì tó kẹ́yìn, ìdílé náà kò sì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó bá ti gba ọjà àwìn rí mọ̀ pé kò sí oorun fún ẹni tó gbà á: kí ó tó sọ pé òun jèrè, ọjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tà, kí ó sì dá owó olówó padà. Kò lè fi ọjà pamọ́ kí ó máa retí ẹni tí yóò ra á wọ́n. Ó ní láti tà á kíákíá, èyí sì túmọ̀ sí pé kí ó tà á ní owó pọ́ọ́kú. Mo gbà tọkàntọkàn pé inú àwìn yẹn ni ìṣúnná owó tí a mọ̀ mọ́ Meijer títí di òní ti hù jáde.

Ipa wo ni Fred, ọmọ rẹ̀, kó nígbà náà?

Ọmọ ọdún 14 ni Fred nígbà tí wọ́n ṣí ìsọ̀ náà. Ṣáájú ìgbà yẹn, ó ti mọ iṣẹ́: ìdílé náà ń sin màlúù díẹ̀, òun ló sì ń gbé mílíìkì kiri ilé àwọn oníbàárà. Nígbà tí ìsọ̀ ṣí, gbogbo ilé ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n obìnrin àti Fred. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ Lena Rader, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ìsọ̀ náà, wọ́n sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta, Hank, Doug àti Mark.

Bàbá àti ọmọ máa ń wo ohun tí àwọn ọlọ́jà mìíràn ń ṣe, wọ́n sì máa ń mú èyí tó bá dára ṣe tiwọn. Láyé ìgbà náà, oníbàárà á dúró níwájú káńtà, á ka ohun tó fẹ́, ọmọ ìsọ̀ á sì lọ bá a mú un wá láti orí pẹpẹ. Meijer wà lára àwọn tó tètè jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ ara rẹ̀ mú ohun tó bá wù ú, wọ́n sì tètè gba kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n ń tì kiri inú ilé ìtajà wọlé, èyí tí Sylvan Goldman gbé jáde ní Oklahoma ní ọdún 1937. Wọ́n a tún mú ohun tí kò sí ilé tí kì í lò ó, irú bíi fínígà, wọ́n a sì tà á ní iye tó rẹlẹ̀ gan-an. Ìyá tó wá ra fínígà kò ní lọ ilé láìra ìyẹ̀fun àti ọṣẹ.

Kí là ń pè ní ilé ìtajà ẹ̀dínwó gan-an, báwo ni ó sì ṣe ń rí èrè?

Àwọn kan rò pé ẹ̀dínwó túmọ̀ sí ọjà tí kò dára tàbí èyí tó ti fẹ́ bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ọjà tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọlọ́jà kan bá ń jèrè 100 náírà lórí ọjà kan, tó sì ń ta ẹyọ kan lọ́sẹ̀, tí ẹnìkejì rẹ̀ ń jèrè 20 náírà péré lórí ọjà kan náà ṣùgbọ́n tó ń ta ẹyọ 10 lọ́sẹ̀, ẹnìkejì ti mú 200 náírà lọ sílé kí ti àkọ́kọ́ tó pé 100. Èrè díẹ̀ lórí ọjà tó ń yá ni gbogbo àṣírí ìtajà ẹ̀dínwó. Kí ó tó lè ṣeé ṣe, ọlọ́jà ní láti dín ìnáwó rẹ̀ kù níbi gbogbo: àwọn ọmọ ìsọ̀ tó ń dúró ti oníbàárà kò gbọ́dọ̀ pọ̀, ilé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ààfin, ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó pọ́ọ́kú ní ẹ̀yìn ìlú níbi tí ọkọ̀ ti lè rí àyè dúró, kí ó sì máa ra ọjà lọ́pọ̀ yanturu lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni irú ìtajà báyìí gbòòrò ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1948, Eugene Ferkauf bẹ̀rẹ̀ E. J. Korvette ní New York. Ní ọdún 1953, Martin Chase ṣí Ann & Hope nínú ilé iṣẹ́ òwú àtijọ́ kan ní Cumberland, ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ilé ìtajà náà sì lókìkí tó bẹ́ẹ̀ tí Sam Walton fi lọ síbẹ̀ lọ wò ó kó tó ṣí Walmart àkọ́kọ́. Nǹkan kan ń dí wọn lọ́wọ́ nígbà náà: ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, òfin fún ẹni tó ṣe ọjà láyè láti sọ iye tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tà á sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ tó fòpin sí èyí pátápátá. Nítorí náà, ẹni tó ń ta ọjà ní ẹ̀dínwó láàárín àwọn ọdún 1950 ń bá àwọn tó ṣe ọjà fà á, ó sì ń bá òfin fà á pẹ̀lú.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1962 tí gbogbo ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ ọdún náà?

Ọdún yẹn ṣàrà ọ̀tọ̀ nínú ìtàn ọjà títà ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ẹ̀rẹ̀nà, ilé iṣẹ́ Kresge ti Detroit ṣí Kmart àkọ́kọ́ ní Garden City, Michigan. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ẹ̀bìbì, Target àkọ́kọ́ ṣí ní Roseville, Minnesota. Ní ọjọ́ kejì oṣù Agẹmọ, Walton ṣí Walmart àkọ́kọ́ ní Rogers, Arkansas. Láàárín wọn, ní oṣù Òkúdù, Hendrik àti Fred ṣí ilé ìtajà tí wọ́n pè ní Thrifty Acres ní Grand Rapids, ní ìkóríta Òpópónà 28 àti Kalamazoo Avenue. Orúkọ náà fẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí “ọ̀pọ̀ éékà ìṣúnná owó”, kò sì parọ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín Thrifty Acres àti àwọn mẹ́ta yòókù ni pé ẹni tó ń ta oúnjẹ ló ṣí i. Kmart, Target àti Walmart ìgbà náà ń ta aṣọ, ìkòkò àti ohun èlò ilé. Bí ìyá ilé bá fẹ́ ra ẹyin àti ẹran, ibòmíràn ni yóò lọ. Fred àti bàbá rẹ̀, tí wọ́n ti fi ọdún 28 ta oúnjẹ, ronú pé kò yẹ kí ènìyàn tún wọ ọkọ̀ lọ sí ibòmíràn nítorí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ rẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé tó fẹ̀ tó 180,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, èyí tó ju pápá bọ́ọ̀lù méjì lọ, wọ́n kó oúnjẹ sí apá kan, wọ́n kó aṣọ àti ohun èlò ilé sí apá kejì, oníbàárà á sì ti kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo gba gbogbo rẹ̀ kọjá, á sì sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dọ̀ káṣíà níwájú.

Ohun kan wà nípa ilé yẹn tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń gbèrò òwò ńlá mọ̀. Kọnkéré tí wọ́n dà sílẹ̀ ibẹ̀ nípọn tó íǹṣì 6, ó ju ohun tí ilé ìtajà aṣọ àti oúnjẹ nílò lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ọkàn Fred kò tíì balẹ̀ tán pé àwọn ènìyàn yóò gba irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀. Bí kò bá yọrí sí rere, wọn yóò kó aṣọ àti ohun èlò kúrò, wọn yóò sì sọ apá yẹn di ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò lábẹ́ òrùlé, ilẹ̀ náà yóò sì lè gbé ìwọ̀n ọkọ̀. Bí ìdílé náà ṣe ń gbèrò nìyí: wọ́n fi ohun púpọ̀ wewu lórí èrò tuntun, wọ́n sì ti mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà bọ́ kó tó di pé wọ́n da kọnkéré sílẹ̀. Hendrik rí i tí ilé náà ṣí, ó sì kú ní ọdún 1964, ní ẹni 80 ọdún.

Ṣé Meijer ló kọ́kọ́ da oúnjẹ pọ̀ mọ́ ọjà mìíràn lábẹ́ òrùlé kan?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Michigan yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo rò pé ó yẹ ká ṣọ́ra. Ní Bruges, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n ti ṣí ilé ìtajà tí wọ́n pè ní SuperBazar ní ọdún 1961. Ní Portland, Oregon, Fred Meyer náà ti ń ta oúnjẹ pẹ̀lú aṣọ àti oògùn láti àwọn ọdún 1930. Carrefour ti ilẹ̀ Faransé ṣí tirẹ̀ lẹ́bàá Paris ní ọdún 1963. Ohun tí a lè sọ láìṣìnà ni pé Meijer wà lára àwọn aṣáájú, àti pé ó ti ń ṣe é fún ọdún 26 kí Walmart tó ṣí ilé ìtajà irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Washington, Missouri, ní ọdún 1988. Nígbà tí Walmart fi dé Michigan pẹ̀lú irú ilé bẹ́ẹ̀, Meijer ti mọ àṣírí iṣẹ́ náà dunjú, èyí sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ó wó lulẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ilé ìtajà kéékèèké ṣe wó.

Kí ni ìtàn ẹṣin tó wà níwájú àwọn káṣíà?

Sandy ni wọ́n ń pe ẹṣin náà. Ẹ̀rọ ni, ó kéré, wọ́n kun ún lọ́dà, ó ní gàárì àti ìjánu. Bí wọ́n bá ju owó sínú rẹ̀, á máa mì síwá sẹ́yìn fún ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀, ọmọdé tó gùn ún á sì máa rẹ́rìn-ín. Láti ọdún 1962 tí wọ́n ti gbé e sí Thrifty Acres, sẹ́ǹtì kan ṣoṣo ni owó rẹ̀. Owó ọjà gun òkè, owó epo gun òkè, owó ọ̀yà náà gun òkè, ṣùgbọ́n owó Sandy kò kúrò lójú kan. Fred kò gbà kí wọ́n fi kún un.

Ẹni tó bá ti kó ọmọ mẹ́ta lọ sọ́jà rí yóò mọ bí èyí ṣe jẹ́ ọgbọ́n tó. Òbí ti rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ti kún, ọmọ ti ń sunkún. Sẹ́ǹtì kan ṣoṣo ló sì kù kí ọmọ náà dákẹ́. Àwọn òbí kan tilẹ̀ máa ń fi sẹ́ǹtì díẹ̀ sílẹ̀ lára ẹṣin náà kí ọmọ tó bá tún dé lẹ́yìn tiwọn lè rí i lò. Lónìí, àwọn ìyá àgbà tó gun Sandy nígbà èwe wọn ti ń gbé ọmọ-ọmọ wọn lé e. Nígbà ayé rẹ̀, Fred fúnra rẹ̀ a tún máa fi káàdì pélébé sínú àpò, èyí tí ẹni tó bá gbà á lè fi gba áísìkirímù lọ́fẹ̀ẹ́ ní Purple Cow, ibi tí wọ́n ti ń ta á nínú àwọn ilé ìtajà náà nígbà náà, ó sì ń pín in fún oníbàárà tó bá bá pàdé.

Ṣé gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ló yọrí sí rere?

Rárá o. Ní ọdún 1981 wọ́n ra àwọn ilé ìtajà Twin Fair tó wà ní agbègbè Cincinnati ní Ohio, ṣùgbọ́n kí ọdún 1987 tó parí wọ́n ti gbé ọwọ́ kúrò lórí wọn. Ní ọdún 1992 wọ́n bẹ̀rẹ̀ SourceClub, níbi tí oníbàárà gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ kí ó tó lè ra ọjà lọ́pọ̀; kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi tì í pa.

Èyí tó dùn mí jù láti kọ ni ọ̀rọ̀ Acme, àdúgbò kan nítòsí Traverse City. Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìtajà síbẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àdúgbò náà kò sì tètè gbà. Ní ọdún 2007, ilé iṣẹ́ náà ń ná owó lábẹ́lẹ̀ sórí ìpolongo láti yọ àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyẹn nípò, láìjẹ́ kí ará ìlú mọ̀ pé òun ló wà nídìí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà tú síta, Meijer gbà pé òun ṣe é, ó sì san owó ìtanràn fún ìpínlẹ̀ Michigan ní ọdún 2008. Ìlú Michigan ló tọ́ ilé iṣẹ́ yìí dàgbà, kò sì yẹ kí ó fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ san án fún un.

Kí ló dé tí ìdílé náà kò fi ta ìpín fún gbogbo ayé?

Walmart ta ìpín fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 1970, owó tó sì rí níbẹ̀ wà lára ohun tó fi tàn ká gbogbo Amẹ́ríkà. Meijer kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò lè sáré tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó bá fẹ́ kí ó yára yóò sọ pé ó pàdánù. Ojú tí mo fi wò ó yàtọ̀. Ẹni tó ta ìpín gbọ́dọ̀ máa jíhìn èrè rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta fún àwọn tí kò mọ ilé ìtajà náà rí; ẹni tí kò ta á lè ra ilẹ̀ lónìí kí ó sì dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kọ́lé sí i, bẹ́ẹ̀ ni ó lè fi ẹṣin kan sílẹ̀ ní sẹ́ǹtì kan láìsí ẹni tí yóò béèrè èrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa, jíjẹ́ ti ìdílé nìkan kò tó. Ann & Hope tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, tí wọ́n ti ń wá kọ́ṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ti ìdílé ni òun náà, ó sì ti àwọn ilé ìtajà ńlá rẹ̀ pa ní ọdún 2001. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Kmart, tí kì í ṣe ti ìdílé, sá lọ sí kóòtù nítorí gbèsè. Àwọn àgbà wa ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ibi tí Meijer ti yàtọ̀ nìyẹn. Fred kò jókòó sínú ọ́fíìsì kí ó máa pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní arólé. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìtajà, wọ́n ń kó ọjà oníbàárà sínú àpò bí ọmọ ẹlòmíràn. Hank, àkọ́bí, ṣe iṣẹ́ akọ̀ròyìn kó tó padà wá sídìí òwò bàbá rẹ̀.

Ohun kejì ni pé wọn kò fi dandan lé e pé ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ máa darí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Mark Murray, tó di ààrẹ ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 2006, ti jẹ́ olórí yunifásítì Grand Valley State ṣáájú. Rick Keyes, tó gba ipò olórí àgbà ní ọdún 2017, kọ́ ìmọ̀ ìpoògùn. Ìdílé di ohun ìní mú, wọ́n sì fi iṣẹ́ lé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lọ́wọ́. Bí àwọn ọmọ olówò tiwa ṣe máa ń jà sí ọ̀gá ṣíṣe nígbà tí bàbá bá kú, tí ìsọ̀ mẹ́rin á di èyí tí kò sí ẹni tó ni ín, ó yẹ ká yẹ apá yìí nínú ìtàn Meijer wò dáadáa.

Ṣé àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹgbẹ́ tó ń gbẹnu sọ fún wọn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Michigan, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UFCW ló ń bá ilé iṣẹ́ náà dúnàádúrà lórí owó iṣẹ́ wọn, èyí tí kò sí ní Walmart. Àwọn òṣìṣẹ́ Meijer lápapọ̀ ju 70,000 lọ.

Ṣé Fred Meijer àti Fred Meyer kan náà ni?

Rárá, wọn kì í ṣe ìbátan. Fred Meyer bẹ̀rẹ̀ òwò tirẹ̀ ní Portland, Oregon, ní ọdún 1922, abẹ́ ilé iṣẹ́ Kroger sì ni àwọn ilé ìtajà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ wà báyìí.

Ṣé ìdílé yìí ni Peter Meijer, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tẹ́lẹ̀, ti wá?

Òun ni ọmọ Hank, Hendrik sì ni bàbá àgbà bàbá rẹ̀. Ó ṣojú agbègbè Grand Rapids nílé ìgbìmọ̀ aṣojú Amẹ́ríkà láti ọdún 2021 sí 2023, ó sì wà lára àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican 10 tó dìbò pé kí wọ́n fẹ̀sùn kan Ààrẹ Trump ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021.

Ibo ni ilé iṣẹ́ náà tàn dé lónìí?

Orúkọ Thrifty Acres ti kúrò lára ilé láti àwọn ọdún 1980, Meijer nìkan ni wọ́n ń kọ síbẹ̀. Ó wọ Ohio ní ọdún 1981, Indiana ní 1994, Kentucky ní 1996, Illinois ní 1999 àti Wisconsin ní 2015. Pẹ̀lú Michigan, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ni, àwọn ilé ìtajà ńlá rẹ̀ sì ju 240 lọ. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, tọ̀sán-tòru ni púpọ̀ nínú wọn ń ṣí sílẹ̀, àyàfi ọjọ́ Kérésìmesì, títí tí àrùn Kòrónà fi mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn lóru. Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti ń fún àwọn tó bá mú ìwé dókítà wá ní àwọn oògùn apakòkòrò àrùn kan lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn abiyamọ tí kò ní owó lọ́wọ́ sì mọ rírì èyí ju ẹnikẹ́ni lọ.

Bí mo bá dé Grand Rapids, kí ni mo lè rí tó jẹ mọ́ ìtàn yìí?

Fred kú ní ọjọ́ 25 oṣù Bélú, ọdún 2011, ní ẹni 91 ọdún. Lena wà láyé títí di ọdún 2022, ó sì lé ní 100 ọdún. Ọgbà ńlá tí wọ́n fún ìlú náà, Frederik Meijer Gardens, ṣí ní ọdún 1995. Nínú rẹ̀ ni ilé onígíláàsì wà, níbi tí ewéko ilẹ̀ olóoru ti ń hù nígbà tí yìnyín bo gbogbo ìta, bẹ́ẹ̀ ni ère àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó lókìkí láyé wà káàkiri orí koríko. Ní ọdún 2022, Yinka Shonibare, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní London tó sì dàgbà ní Èkó, pàtẹ àwọn iṣẹ́ ọnà rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú irú aṣọ àǹkárá tí a máa ń rí ní ọjà Balógun, lára àwọn ère tó dúró láàárín Michigan. Ọdún 1962 gan-an, ọdún Thrifty Acres, ni wọ́n bí i.

Ère tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń lọ wò nínú ọgbà náà ni ẹṣin bàbà tí Nina Akamu mọ, tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 24. Àlá Leonardo da Vinci ni, tí kò lè parí nígbà ayé rẹ̀. Méjì irú rẹ̀ ló wà láyé, ọ̀kan wà ní Milan, ìkejì ni Fred sanwó rẹ̀ tí wọ́n sì ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní Grand Rapids ní ọdún 1999. Àwọn ọmọdé máa ń dúró sábẹ́ ikùn rẹ̀, wọ́n á sì gbé orí sókè. Bí ẹ bá mú ọmọ lọ, ẹ mú sẹ́ǹtì kan dání, nítorí pé ẹṣin bàbà yẹn kò ṣeé gùn, ọ̀dọ̀ Sandy ni ọmọ náà yóò ní kí ẹ gbé òun lọ lẹ́yìn rẹ̀.